Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì sílé: ẹ họ wáyà náà wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, tàbí tí ẹ ń múra láti fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú yàrá yín, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó kówó fún ẹnikẹ́ni. Wáyà Cat6, irú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kan, tí wọ́n kọ “PURE COPPER” gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀ ni mo rà, páálí méjì, mítà 305 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò lára ni mo gbé délé. Nígbà tí mo sì padà lọ fẹjọ́ sun ẹni tó tà á fún mi, ó fẹ́ tún fi fáíbà, ìyẹn wáyà onídígí, dí ojú mi, ó ní kí n fà á wọ gbogbo yàrá, ní owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí mo ti ná tẹ́lẹ̀.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo kọ́ sí ẹ̀bá Ìbàdàn, mo sì fẹ́ kí wáyà dé yàrá márùn-ún, kámẹ́rà mẹ́rin, àti ilé kékeré tí àwọn ọmọ àbúrò mi ń gbé lẹ́yìnkùlé. Èkó ni mo ti lọ ra wáyà náà, nítorí pé iye tí wọ́n pè é níbẹ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ti àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ n'Íbàdàn. Ó yẹ kí iye yẹn ti ta mí lólobó, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó gé orí wáyà kan lójú mi, ó fi fọ́nrán rẹ̀ tó pọ́n bíi bàbà hàn mí, lẹ́yìn náà ni ó mú irin òòfà kékeré kan jáde tí ó gbé e lé fọ́nrán náà. Irin òòfà náà kò fà á. Ó ní, “Alàgbà, ṣé ẹ rí i? Ká ní ayédèrú ni, ẹ ò bá ti rí i kó lẹ̀ mọ́ ọn.” Mo mi orí, mo sì sanwó.

Ibi tí ẹ̀tàn náà wà gan-an nìyẹn. Irin òòfà kì í fa bàbà, bẹ́ẹ̀ ni kì í fa alumíníọ̀mù. Ẹ lọ gbé e lé ìkòkò alumíníọ̀mù yín nílé kí ẹ wò ó. Wáyà onírin tí wọ́n fi bàbà bò, èyí tí wọ́n ń pè ní CCS, nìkan ni irin òòfà lè tú àṣírí rẹ̀. Ẹni tó ń ta alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò, ìyẹn CCA, mọ èyí dájú, ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń ṣe é lójú oníbàárà.

Nǹkan bí oṣù kan àti ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Lẹ́yìn náà ni kámẹ́rà ẹnu géètì bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní alaalẹ́, tí yóò sì tún jí nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ọlọ́dẹ wa ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo sì ti sọ ọ̀rọ̀ sí i tí mo padà wá bẹ̀ ẹ́ fún. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ Wi-Fi tí a kàn mọ́ àjà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tó tún ń tan ara rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ọmọ mi tó ti ń so mọ́ switch (ẹ̀rọ tí gbogbo wáyà ilé ti ń pàdé) ní 1,000 megabit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sì wálẹ̀ sí 100. Ẹni tí mo pè láti wá yẹ̀ ẹ́ wò ṣàlàyé pé fọ́nrán mẹ́jọ tó wà nínú wáyà náà, tí wọ́n lọ́ ní méjì-méjì, ni 1,000 ń lò pátápátá, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ni 100 nílò. Bí ọ̀kan bá ti dá nínú àwọn fọ́nrán náà, ohun èlò náà lè sọ̀ kalẹ̀ sí 100 láìwí fún ẹnikẹ́ni. Alumíníọ̀mù kò sì lágbára bíi bàbà rárá. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dì í mọ́ ihò ara ògiri, ó lè dá sínú rọ́bà rẹ̀ láìhàn sójú.

Ti kámẹ́rà yẹn tún yàtọ̀. Inú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni iná tó ń lò ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní PoE. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kámẹ́rà náà á tan àwọn iná rẹ̀ tí ojú wa kò lè rí kí ó lè ríran nínú òkùnkùn, iná tó ń fà á sì pọ̀ sí i. Alumíníọ̀mù kò gbé iná tó bàbà. Nǹkan bí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún agbára bàbà ni tirẹ̀. Ojú ibi tí a ti so ó tún máa ń dípẹtà, tí yóò sì tú díẹ̀díẹ̀. Wáyà tó lọ sí géètì gùn tó mítà 68. Onímọ̀ náà so fọ́nrán méjì pọ̀ lọ́hùn-ún, ó sì fi míta wọn ìdènà iná wọn ní ìhà ìhín. Fọ́nrán bàbà kan nínú irú wáyà yìí kò gbọ́dọ̀ ju ohm 9.38 (ohm ni a fi ń wọn ìdènà iná) lọ ní mítà 100, nítorí náà, àlọ àti àbọ̀ mítà 68 kò yẹ kó tó ohm 13. Tiwa lé ní 20. Ó mú abẹ́fẹ́lẹ́ jáde, ó họ ojú fọ́nrán náà lẹ́ẹ̀kan, a sì rí inú rẹ̀: funfun báláú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé CCA náà jẹ́ irú Cat6 kan tó kàn dín lówó. Bàbà ni ìlànà TIA-568 ti Amẹ́ríkà sọ pé kí fọ́nrán náà jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti ISO/IEC 11801 tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ń lò. Ohun tí kì í bá ṣe bàbà kò ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́ orúkọ yẹn.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin yẹn kò jiyàn pẹ́ títí. Ó ní bàbà ti di ohun àtijọ́, pé níwọ̀n ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ń san owó fún ti jẹ́ ti fáíbà, eré rẹ̀ ń kú ní kété tí ó bá ti wọ inú bàbà, àti pé fáíbà nìkan ló lè gbà mí. Irọ́ tó fi òótọ́ díẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ ni. Fáíbà tó wá láti òpópónà máa ń parí sínú àpótí kékeré tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé wá, èyí tí wọ́n ń pè ní ONT. Láti ibẹ̀ lọ, wáyà bàbà ló kù. Láti ọdún 1999 ni ìlànà tó jẹ́ kí Cat5e, wáyà tó rẹlẹ̀ sí Cat6, gbé 1,000 megabit dé mítà 100 ti wà. Cat6 gbé 10,000 dé nǹkan bí mítà 55, Cat6A tó ga jù ú lọ sì gbé e dé 100. N kò tíì rí ilé kan ládùúgbò wa tí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń rà tó 1,000 yẹn, kí a má tíì sọ ti 10,000.

Dígí ni fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbà inú rẹ̀ kọjá, kò lè gbé iná dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ Wi-Fi. Bí mo bá gba ìmọ̀ràn rẹ̀, n óò ra ẹ̀rọ tó ń yí ìmọ́lẹ̀ padà fún yàrá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú ṣájà tirẹ̀, tí NEPA yóò sì máa pa gbogbo wọn nígbà tó bá wù wọ́n. Mo tún mọ ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ta “wáyà fáíbà” pẹlẹbẹ fún, tí ẹnu rẹ̀ rí bí ẹnu wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lásán. Ẹnu RJ45 bẹ́ẹ̀ kì í sí lórí fáíbà. Ẹnu SC tàbí LC ni ẹ ó rí, tí aláwọ̀ ewé onígun mẹ́rin wọ́pọ̀ nínú wọn nílé. Dígí inú rẹ̀ kò sì nípọn ju fọ́nrán irun orí lọ. Ẹ má ṣe gbé ojú sí ẹnu fáíbà tó ń ṣiṣẹ́ láti wò ó o, nítorí ojú kì í rí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè ba ojú jẹ́.

Síbẹ̀, mo ra fáíbà, ibì kan ṣoṣo ni mo sì lò ó: láti ilé ńlá sí ilé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí òjò ọdún yìí ń bẹ̀rẹ̀, àrá sán nítòsí, ó sì jó ihò switch tí wáyà ilé ẹ̀yìn so mọ́. Wáyà onírin tó bá gba ìta kọjá láàárín ilé méjì máa ń gbé irú iná bẹ́ẹ̀ wọlé. Dígí kì í gbé e. Kí ẹ ṣáà rí i pé fáíbà tí ẹ rà kò ní okùn irin tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ òpó, nítorí okùn irin yẹn yóò gbé iná bíi wáyà yòókù.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ bó rọ́bà fọ́nrán kan, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ họ ọ́ títí dé inú, nítorí ojú òkè nìkan ni ayédèrú fi jọ bàbà, bíi mọ́ínmọ́ín tí wọ́n to ẹyin sí òkè rẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá fi láítà sun ún níta, bàbà á pọ́n, kò sì ní yẹsẹ̀, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù tinrín á rọ̀, á sì já. Ẹ gbé páálí náà sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú èyí tó dá yín lójú: bàbà tó wà nínú mítà 305 Cat6 nìkan lé ní kílò 5, nígbà tí ti CCA tó nípọn bákan náà kò ju nǹkan bíi kílò 2 lọ. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rọ́bà wáyà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti páálí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ CCA wíntín-wíntín. Kí ẹ sì ní kí ó kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé bàbà ni, kì í ṣe CCA. Bí ó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ fi owó yín sápò. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé ọjà tí a fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni a sì ń fẹjọ́ sùn.

Rìsíìtì yẹn ló jẹ́ kí ó gba páálí tí n kò tíì tú padà. Owó ti àkọ́kọ́ kò tíì wọlé títí di òní. Àwọn tí a fà jáde lára ògiri kún àpò méjì, ẹnì kan sì fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi láti tún un lò, ṣùgbọ́n mo gé e sí wẹ́wẹ́, mo sì pe ọmọkùnrin tó ń ra páńtí irin kiri àdúgbò. Kò mú irin òòfà wá. Ó fi ọ̀bẹ họ ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wò mí lójú, ó sì san owó alumíníọ̀mù.