Ẹ̀kọ́ lúùtù orí íntánẹ́ẹ̀tì: ọwọ́ ọ̀tún nìkan, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Gìtá ni mo ń ta tẹ́lẹ̀, kí n tó yá lúùtù, ohun èlò olókùn àtijọ́ tó jọ gìtá, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Lute Society nílùú Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ẹ̀kọ́ orí fídíò tí mo wá sanwó fún, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló dá lé, ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn.

Ibi tí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni ohun èlò yìí ti wọ Yúróòpù, ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n sì fi ń ta á fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ọ̀rúndún 15 ń parí lọ, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta á ju ìyẹ́ nù, wọ́n ń fi ìka ta á kí ohùn méjì tàbí mẹ́ta lè máa dún pọ̀. Ṣùgbọ́n apá kò gbàgbé ìṣe ìyẹ́. Àtàǹpàkò bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́, sábẹ́ àwọn ìka yòókù. Ó ń ta sísàlẹ̀, ìka ìlábẹ̀ ń ta sókè. Ìwé Spinacino, onílúùtù ará Ítálì, tí wọ́n fi tablature kọ (nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí a ó tẹ okùn), tí Petrucci tẹ̀ ní Venice ní 1507, fi èyí hàn: nọ́ńbà tí àmì kékeré roboto bá wà lábẹ́ rẹ̀, òkè la ó ta á sí. Olùkọ́ gbé ojú ìwé náà síwájú wa, ó ní ká tẹ̀lé àmì, ká má fi tiwa kún un.

Ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde ló mú mi. Àtàǹpàkò wúwo, ìlábẹ̀ fúyẹ́, orin tó ń sáré á wá máa mí. Lórí gìtá, wọ́n kọ́ mi pé kí ìka méjèèjì dún bákan náà. Níbí, àìdọ́gba yẹn gan-an lẹwà. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lábẹ́ ìka ara mi, n kò fẹ́ gbé lúùtù sílẹ̀ mọ́.

Ìka ọmọńdinrín gbọ́dọ̀ fara ti ojú igi lúùtù. Èékánná ńkọ́? Okùn méjì-méjì ló wà papọ̀, ẹran ìka ló sì ń mú méjèèjì dáadáa. Thomas Mace, onílúùtù ará Gẹ̀ẹ́sì, lòdì sí èékánná ní 1676, àmọ́ Piccinini, onílúùtù ará Ítálì, fara mọ́ ọn ní 1623. Olùkọ́ sọ ti àwọn méjèèjì fún wa láìfi ọ̀kan pamọ́, mo yìn ín fún ìyẹn. Síbẹ̀, ó ní ká gé tiwa. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi èékánná ta gìtá, ẹ rò ó kí ẹ tó sanwó.

Ìdí méjì ni mo fi yọ ìràwọ̀ kan: iwájú ni kámẹ́rà wà jálẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú àtẹ́lẹwọ́ ni àtàǹpàkò ti ń ṣiṣẹ́, a kì í rí i. Ìdí kejì ló dùn mí jù. Okùn ohùn ìsàlẹ̀ (bass) lórí lúùtù pọ̀ sí i bí ọdún ti ń lọ, àtàǹpàkò sì jáde kúrò nínú àtẹ́lẹwọ́ sí ìta. Besard, onílúùtù kan, gbani nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní 1603. Stobaeus, olórin ará Jámánì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé John Dowland, gbajúmọ̀ onílúùtù ará Gẹ̀ẹ́sì, fúnra rẹ̀ fi àtàǹpàkò sínú níbẹ̀rẹ̀ kó tó yí i padà. Ìyípadà ńlá yìí, fídíò kúkurú kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ ọ́, láìsí ìdánrawò kankan.

Bó bá jẹ́ orin ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16 lẹ fẹ́, ẹ sanwó, ó tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ Dowland lẹ ń wá, ẹ kọ́kọ́ bi olùkọ́ bóyá apá kejì ń bọ̀.