Ẹni tó ń sùn nínú ọkọ̀: àwo sátẹ́láìtì ni kó rà, àbí síìmù méjì?

Mo ní bọ́ọ̀sì kan tí mo yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Ibùsùn pákó wà níbẹ̀, àpótí kámẹ́rà wà lábẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì wà lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni ilé mi, ṣùgbọ́n òde tí wọ́n ń pè mí sí wá ya fídíò lè wà ní Idigny lónìí, kó di Sábẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó tún gbé mi dé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, níparí oṣù. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi sì lè wà ní Paris tàbí Libreville, tí kò rí àyè wálé sin ìyá rẹ̀. Kí wọ́n tó bo ilẹ̀, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i lórí fóònù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ fi jẹ mí lógún.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni síìmù MTN, Moov Africa tàbí Celtiis, nínú fóònù tàbí nínú módẹ́ẹ̀mù kékeré tó ń pín Wi-Fi. Èkejì ni sátẹ́láìtì, ìyẹn Starlink, tí wọ́n ti ń tà ní Benin láti oṣù kọkànlá ọdún 2023. Àwo íntánẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó dà bíi ti tẹlifíṣọ̀n Canal+ lórí òrùlé kò ṣe é gbé kiri: sátẹ́láìtì tirẹ̀ wà lójú kan ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè, ibi gbogbo tí ẹ bá dúró sí lẹ gbọ́dọ̀ ti máa wá ojú rẹ̀, ohùn yín á sì pẹ́ kó tó dé etí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ti Starlink ń yípo ní nǹkan bí 550 kìlómítà péré. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń kọjá lórí wa, àwo náà fúnra rẹ̀ ló ń wá èyí tó súnmọ́ ọn, ìpè fídíò kì í sì í fà lórí rẹ̀.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣe ilé, bíi àwọn ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ètò Starlink tó ṣe é gbé kiri fún. Oṣù karùn-ún ọdún 2022 ló bẹ̀rẹ̀, dọ́là 135 lóṣù ní Amẹ́ríkà, òun ló sì di ètò tí wọ́n ń pè ní Roam lónìí. Ẹ má ṣe gbé ìmọ̀ràn wọn wálé bó ṣe rí. Wọ́n lè wa ọkọ̀ nínú aṣálẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan láìrí òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, Sakété àti Pobẹ̀ wà lójú ọ̀nà, òpó kò sì jìnnà sí títì. Ìgbà tí a bá yà kúrò lórí ọ̀dà wọ inú oko ni ìṣòro máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí àwo kò lè ṣe

Màmá mi kékeré ń ra kájú láti oko dé oko ní agbègbè Sábẹ̀ẹ́. Nígbà tó rí àwo mi, ó bi mí pé, “Ọmọ mi, tí mo bá ra èyí, ṣé màá lè máa sanwó fún àwọn àgbẹ̀ láti inú oko?” Mo ní, “Rárá, Màmá. Ojú òpó fóònù ni owó yẹn ń gbà.” Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò kí wọ́n tó rà. Àwo sátẹ́láìtì kò gbé ìpè lásán, kò sì gbé kóòdù tí à ń tẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́. Lóòótọ́, ẹni tó ní áàpù lè fi Wi-Fi ṣí i, ṣùgbọ́n fóònù kékeré onítẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ń tajà. Bí òpó kò bá sí, kò ní rí ìròyìn owó tó wọlé, kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbé àpò kan kúrò nílẹ̀.

Ìpè, owó àti àwòrán WhatsApp ni gbogbo ohun tí Màmá ń lò. Síìmù ilé-iṣẹ́ kejì ni mo ní kó rà, nítorí ibi tí ọ̀kan bá ti kú, òmíràn lè yè. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ra módẹ́ẹ̀mù tó ní ihò tí a lè ki wáyà eríálì bọ̀, kó gbé eríálì náà sórí ọ̀pá tó ga ju òrùlé ọkọ̀ lọ. Mo ti rí i tí fóònù ọwọ́ mi kò mú nǹkan kan, tí eríálì orí ọ̀pá sì mú ìlà méjì, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwo.

Ibi tí àwo ti borí

Fífi fáìlì ńlá ránṣẹ́ ni. Fídíò òde kan lè tó gígà 8. Lórí òpó tí gbogbo abúlé jọ ń fà ní aago mẹ́jọ alẹ́, mo ti sùn tì í, mo jí, kò tíì dé ìdajì. Lórí àwo, bí ó bá ń lọ ní mégabíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣirò rẹ̀ kò ju wákàtí méjì lọ.

Ojú ọ̀run gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún un, ìyẹn ló sì ń ta ko bí a ṣe ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀ níbí, nítorí abẹ́ igi la máa ń wá. Lọ́jọ́ kan, abẹ́ máńgòrò ni mo dúró sí. Ìpè ń já, ó ń padà, ó tún ń já. Áàpù Starlink fi ibi tí ẹ̀ka igi ti bo ojú ọ̀run hàn mí ní pupa. Mo fi wáyà tó bá a wá, mítà 15, gbé àwo jáde sí gbangba, mo dojú odó kan délẹ̀, mo gbé e lé e, ọkọ̀ ṣì wà lábẹ́ máńgòrò. Odó yẹn sàn ju òrùlé ọkọ̀ lọ, torí 50°C ni ilé-iṣẹ́ kọ pé àwo lè fara dà, páànù ọkọ̀ nínú oòrùn oṣù kẹta kì í sì í jìnnà sí i. Òjò ńlá máa ń gé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lálẹ́, ẹ kó o wọlé.

Iná

Àwo méjì ló kàn wá níbí, Mini àti èyí tó tóbi jù ú lọ. Mini kò ju nǹkan bíi kìlógíráàmù kan lọ, iná bátìrì ọkọ̀ sì tó o tààrà. Wáàtì 25 sí 40 ló ń jẹ. Èyí tó tóbi ń jẹ 75 sí 100, ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, sì gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti bátìrì, èyí tó tún ń jẹ tirẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: Mini ń fa bí ámpíà mẹ́ta, wákàtí márùn-ún jẹ́ ámpíà-wákàtí 15. Èyí tó tóbi ń fa bíi mẹ́jọ, wákàtí márùn-ún jẹ́ 40. Bátìrì tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì mi jẹ́ ámpíà-wákàtí 70, kò sì dára kí a fa ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ńlá ni mo kọ́kọ́ yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan láti dán wò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Ọkùnrin mẹ́rin ló tì mí dé ẹ̀bá títì, aago mẹ́sàn-án sì ni wọ́n ń retí mi níbi ìsìnkú. Ẹni tó ń sùn nínú ọkọ̀, Mini ni tirẹ̀. Kó sì ra bátìrì kejì tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, kó ka owó bátìrì náà mọ́ owó àwo.

Òru mélòó?

Mo fi oṣù mẹ́ta kọ ọ́ sínú ìwé: òru tí mo sùn síbi tí síìmù méjèèjì kò ti gbé iṣẹ́ mi. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó rà. Ká ní àwo àti bátìrì jẹ́ 240,000 sẹ́fà, tí ẹ fẹ́ lò ó fún ọdún méjì: 10,000 nìyẹn lóṣù. Ká ní owó oṣù jẹ́ 30,000, àpapọ̀ di 40,000. Bí òru mẹ́rin péré ni òpó ń já yín kulẹ̀ lóṣù, 10,000 ni òru kọ̀ọ̀kan ń ná yín. Zẹ́mìjan, ìyẹn ọ̀kadà, dé ìlú tó súnmọ́ yín, àlọ àtàbọ̀, kò tó bẹ́ẹ̀. Bí òru náà bá jẹ́ 20, ó di 2,000. Èyí tó wà nínú ìwé mi lé ní mẹ́wàá lóṣù kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí mo ń fi ránṣẹ́ ló sì ń bọ́ mi, nítorí náà mo rà á, síìmù méjì sì ṣì wà lápò mi. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e pé ẹ óò dá owó dúró lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù tí ẹ kò rìn: ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2025, ẹni tó dá a dúró ń san owó díẹ̀ lóṣooṣù. Ohun tó wà nínú àkáǹtì tiyín ni kí ẹ kà.

Àwọn tó ń ra àlòkù láti òdìkejì bọ́dà, ní ọ̀nà Ìlárá, ni mo ń bẹ̀. Àwo tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ fún ilé kan, ilé yẹn ni ètò rẹ̀ wà fún, kì í ṣe ọkọ̀. Roam tí wọ́n ṣí ní Nàìjíríà kò sì gbọ́dọ̀ ju oṣù méjì lọ níbí láìgbé àkáǹtì náà wá sí Benin. Bí ẹni tó tà á kò bá sì yọ ọ́ kúrò nínú àkáǹtì tirẹ̀, kò ní wọ tiyín láé. Kí ẹ tó ka owó, ẹ ní kó yọ ọ́ lójú yín, kí ẹ tẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn àwo sínú àkáǹtì yín, kí ẹ rí i pé ó gbà á. Bí ó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó ná, ẹ gbé owó yín padà sílé.