Roma VF inú ọ̀rá àti òfio orí àtẹ: èwo ló yẹ ilẹ̀ rẹ l'Óṣogbo?

Ẹni tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé l'Ókè-Fìà, tàbí àkùrọ̀ bíńtín létí odò kékeré tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun, ohun méjì ni yóò rí rà láìrìn jìnnà. Èkíní ni irúgbìn tòmátì inú ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní Roma VF, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn oko àti fàtílísà. Èkejì ni òfio gbígbẹ tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n lọ́jà. Wọ́n di ti tòmátì fún gbígbìn, wọ́n pàtẹ òfio fún jíjẹ, ṣùgbọ́n méjèèjì ló ṣeé gbìn. A gbé wọn yẹ̀ wò pa pọ̀ nítorí pé àwọn èèyàn ń gbìn wọ́n sórí ebè kan náà, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wọn kì í ṣe ìbátan rárá. Ẹbí ata, ìgbá àti ẹ̀fọ́ odù ni tòmátì, ohun tó bá sì ń ṣe ọ̀kan nínú wọn kì í pẹ́ kó tó ran ìyókù. Òfio ní tirẹ̀, òun àti làbẹ̀làbẹ̀ etí odò ni wọ́n jọ wà lágboolé kan. Ojú lásán á pè é ní koríko. Fi àtàǹpàkò àti ìka yí igi tó ru òdòdó rẹ̀ wò: igun mẹ́ta ni wàá fọwọ́ bà, ewé rẹ̀ náà sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta láti ìdí. Igi koríko gidi roboto ni, ó sì ní oríkèé. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní máa fi ọkọ́ gé e bíi koríko, nítorí inú ilẹ̀ ni kóró rẹ̀ wà.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí Roma VF. Irúgbìn tó dára ni, a sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Kì í ga lọ títí, igbó ló ń ṣe, èso rẹ̀ gùn díẹ̀, ẹran ara rẹ̀ nípọn, omi rẹ̀ kò pọ̀, ìyẹn ló fi dára fún ọbẹ̀ tí a fẹ́ kó gbẹ. O lè tọ́jú kóró rẹ̀ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, kò dà bíi háíbríìdì tó jẹ́ pé ọdọọdún ni wàá máa ra tuntun. Gíráàmù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀ọ́dúnrún kóró. Fi 60 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ebè àti 50 sáàárín igi.

Ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ wò lára ọ̀rá náà ni ọjọ́ tí wọ́n dì í àti ibi tí wọ́n pàtẹ rẹ̀ sí. Ọ̀rá tó ti ń yá oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kóró inú rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ yòówù kí wọ́n kọ sí i. Dán an wò kó tó di pé o fọ́n ọn: ka ogún kóró sínú tíṣù tó tutù, ká a, fi í sínú ọ̀rá, gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá, bí mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá hù, ó dáa. Bí kò bá tó mẹ́wàá, dá a padà fún ẹni tó tà á.

Lẹ́tà V àti F tó wà lára orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ó lè kojú àìsàn méjì tí olú inú ilẹ̀ ń fà, Verticillium àti Fusarium. Àwọn tó ń tà á máa ń tìtorí èyí sọ pé kì í rọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrọ tó ń pa tòmátì jù nínú ilẹ̀ olómi bíi ti àkùrọ̀ wa, bakitéríà ló ń fà á, V àti F kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Igi á tutù yọ̀yọ̀ láàárọ̀, yóò rọ wọ̀ọ́ lọ́sàn-án, ewé rẹ̀ kò ní tíì pọ́n. Gé igi náà nítòsí ilẹ̀, kí ó gùn tó ìka kan, dì í mú kí ojú ibi tí o gé wọ inú omi mímọ́ nínú ife gíláàsì, má mì ín. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí o bá rí okùn funfun tó ń já wálẹ̀ látinú igi náà bí omi ògì, bakitéríà ni. Kò sí oògùn tó lè wo igi náà. Hú u tilẹ̀tilẹ̀, sun ún, má sì gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá síbẹ̀ fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Àgbàdo ni kí o gbìn síbẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba ọ̀lẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń lò ní nọ́sìrì, ìrọ̀lẹ́ sì ni kí o lọ́ ọ. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà ni kí o ti pò mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí o lọ́ ọ, ṣíbí tíì kan fàtílísà NPK 15-15-15 fún igi kọ̀ọ̀kan, yí i ká ní 10 sẹ̀ǹtímítà sí ìdí, kí o sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí igi ni kí omi lọ, kì í ṣe orí ewé, àárọ̀ sì ni. Nígbà tó bá ń so lẹ́ẹ̀rùn, lítà kan sí lítà kan àbọ̀ lójúmọ́ ni. Bí o bá bu omi lónìí tí o gbàgbé fún ọjọ́ mẹ́ta, ìdí èso á dúdú, á sì jìn wọnú. Ọ̀pọ̀ á sọ pé àìsàn ni, wọ́n á ra oògùn. Kálíṣíọ̀mù ni kò dé ọ̀dọ̀ èso nítorí pé omi ló ń gbé e, omi kò sì ṣe déédéé. Tún omi ṣe, èso tó ń bọ̀ lẹ́yìn á mọ́.

Ìmọ̀ràn kan tí a kò fara mọ́ rárá ni pé kí èèyàn máa já gbogbo ẹ̀ka kéékèèké. Èyí tó ń ga lọ títí ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Bí o bá já ti Roma, èso lo já dànù. Ewé tó kan ilẹ̀ nìkan ni kí o mú kúrò, kí o sì fi ọ̀pá tó tó mítà kan gbé e dúró.

Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta náà wà, èyí tó ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná ní 2016 débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde ìpàjáwìrì. Inú ewé ló ń jẹ, ojú ibẹ̀ á funfun bí ọ̀rá, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú á wà nínú. Já ewé bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀rá, dì í pinpin, má jù ú sẹ́bàá oko.

Ìgbà náà ṣe pàtàkì. L'Óṣogbo, èyí tí a bá lọ́ ní òpin oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án, àti ti àkùrọ̀ tí a bá lọ́ ní oṣù kọkànlá, ló ń sanwó. Èyí tó bá ń tanná lóṣù kejì sí ìkẹta, ooru á mú kí òdòdó rẹ̀ máa rẹ̀ dànù.

Òfio kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ra èyí tí awọ rẹ̀ hunjọ, tí kò ní ihò, tí wọn kò yan. Agolo mílíìkì kan tó ebè tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà márùn-ún, á tún ṣẹ́kù. Rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan sí méjì, máa pààrọ̀ omi, da èyí tó léfòó nù. Fi sínú ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún, 15 sí ara wọn, 30 sáàárín ọ̀wọ́. Ilẹ̀ oníyanrìn tó máa ń tutù ló fẹ́. Nínú amọ̀, kóró á kéré, fífọ̀ ọ́ á sì di ìyà. Má da fàtílísà tó pọ̀ sí i: ewé nìkan ló máa yọ. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń gbà. Bí ewé bá ti pọ́n, wa á, kí o fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Eku àti òkété nìkan ni ọ̀tá rẹ̀ gidi. Fún ẹni tó ń jáde nílé láàárọ̀ tí kì í wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú, òfio ni a ó ní kó rà.

Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo tóbi. Kóró kan tó bá ṣẹ́kù sínú ilẹ̀ lè di ọgọ́rọ̀ọ̀rún láàárín àsìkò kan, ewé rẹ̀ tó mú ṣóṣóró sì ń gún ọ̀rá dúdú tí àwọn èèyàn fi ń bo ebè já. Ó ń gba omi àti oúnjẹ lọ́wọ́ tòmátì. Èyí tó burú jù ni pé aràn tíntìntín tó ń sọ gbòǹgbò tòmátì di kókó-kókó lè fi gbòǹgbò òfio ṣelé láìjẹ́ kó hàn lójú ewé. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n jọ wà lórí ebè kan, tàbí kí ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì lójú ẹsẹ̀.

Wo àpò ilẹ̀ dúdú tí àwọn tó ń ta òdòdó ń tà pẹ̀lú. Ilẹ̀ etí odò ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, ó sì máa ń ní kóró ìbátan òfio tó korò, tó so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Tẹ́ ẹ sílẹ̀, máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mẹ́wàá kó tó di ti nọ́sìrì. Bí ó bá hù, má fi ọkọ́ gé e: bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà bá já, kóró kọ̀ọ̀kan tó ń sùn á jí. Wa á tòun ti kóró. Bákan náà ni ebè tí o ti wa òfio kúrò lórí rẹ̀: jọ̀ ọ́ jìn tó ọwọ́ kan, wọ́n omi, fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ewé tó pín sí mẹ́ta ṣì ń yọ níbẹ̀, má tíì gbé tòmátì lọ sórí rẹ̀.