Bí Yìnyín Bá Rí Bí Eérú: Ṣé Ká Tún Un Ṣe Kí A Tó Ya Fọ́tò Ni, Àbí Lẹ́yìn Rẹ̀?

Lásìkò ọyẹ́, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Kánádà a máa fi fọ́tò ara wọn nínú yìnyín ránṣẹ́ sílé, ṣùgbọ́n yìnyín tó funfun báláú lójú wọn a máa rí bí eérú. Kámẹ́rà kò bàjẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé, bí funfun bá pọ̀ níwájú rẹ̀, ó máa ń rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù.

Ayàwòrán lè sún ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ orí kámẹ́rà sókè, sí +1 tàbí +2 tàbí àárín wọn, kó tó ya fọ́tò, tàbí kó fi áàpù tó ń tún fọ́tò ṣe mú un mọ́lẹ̀ nígbà tó bá délé. Ti áàpù rọ ẹni tí òtútù ti mú ní ìka lọ́rùn (ta ni yóò bá a wí?), ṣùgbọ́n ibi tó ṣókùnkùn a máa hu àmì wẹ́wẹ́ bí iyanrìn. Ti àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá sún un jù yóò pàdánù ojú ẹsẹ̀ àti òjìji orí yìnyín, tí áàpù kankan kò sì ní lè dá a padà. Ẹni tó wà nílé lè fi alágbádá funfun tó dúró síwájú ògiri funfun ní Tákíẹ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́, dán an wò.