Ilé oúnjẹ onípákó bíi ti Nọ́wè tó wà lọ́nà Gbọ̀ngán, ní Òṣogbo

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Gbọ̀ngán lọ sí Abéré láìpẹ́ yìí á ti rí ilé dúdú kan tí òrùlé ẹ̀ gun ara wọn lé, ọ̀kan lórí èkejì, òmíì tún wà lókè, tí orí ẹranko kan tó lanu sílẹ̀ sì yọ síta ní ṣóńṣó ẹ̀. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ni, àwọn kan ní ilé awo ni, dẹ́rẹ́bà kòrópè tó gbé wa láti Ọláìyá tiẹ̀ ní òun kì í fẹ́ já èrò síbẹ̀ tílẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ má bẹ̀rù jàre, ilé oúnjẹ ni. Ọmọ ìlú wa ló ni ín, ó pẹ́ gan-an ní Bergen lórílẹ̀-èdè Nọ́wè kó tó padà wálé, ibẹ̀ ló ti ń rí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì onígi ayé àtijọ́ tí wọ́n ní, ó wá kọ́ tiẹ̀ sílé, ó ń ta àmàlà nínú ẹ̀. Mo ti jẹun níbẹ̀, mo ti yí ilé yẹn po yíká, ó wù mí kí gbogbo yín lọ.

Ilé yẹn ni màá kọ́kọ́ sọ torí òun ló gbé mi débẹ̀. Nọ́wè ti ń kọ́ irú ṣọ́ọ̀ṣì báyìí láti nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, igi páìnì ni wọ́n ń lò, òpó ńlá ńlá ni wọ́n máa ń nà ró, wọ́n á wá to pákó lóòró sáàárín. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú wọn lónìí ò ju 28 lọ. Èyí tó wà ní Borgund, nǹkan bí ọdún 1180 ni wọ́n kọ́ ọ, ó ṣì wà níbẹ̀, òjò ń pa á, yìnyín ń bọ́ lé e. Ẹ mọ ohun tó mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ irú ilé yìí ri ẹsẹ̀ òpó mọ́lẹ̀, ilẹ̀ rin ín, ó jẹrà. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn wá gbé igi ìdábùú lé orí òkúta, wọ́n gbé òpó lé orí igi ìdábùú yẹn, ẹsẹ̀ ò kan yẹ̀pẹ̀ mọ́. Wọ́n tún máa ń fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń sun jáde látara igi páìnì kun gbogbo ara ilé léraléra, ìdí tó fi dúdú nìyẹn.

Ọ̀gá yìí mọ ìdí ọ̀rọ̀, òun ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ibẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé tí ẹlòmíì bá fẹ́ kọ́ irú ẹ̀ níbí, búlọ́ọ̀kù ni yóò fi kọ́ ọ, yóò wá fi síméǹtì yà á bíi pákó, yóò sì kùn ún. Òun ò ṣe bẹ́ẹ̀. Òpó ìrókò ló rà, ìrókò tí ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí jẹ, ó sì gbé gbogbo ẹ̀ ka orí òkúta tó ga tó orúnkún èèyàn, kí ikán tó bá fẹ́ gùn ún gun ibi tí ojú á ti rí i. Ọ̀dà páìnì ò sí lọ́jà wa, nítorí náà kọ́ńdẹ́mù ọ́ìlì tí àwọn káfíńtà wa ń fi pa ikán ni wọ́n fi pa pákó ìta, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá súnmọ́ ògiri ẹ óò gbóòórùn ẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń jẹun, kò sí òórùn kankan. Òrùlé òkè pátápátá, pákó wẹ́wẹ́ ni wọ́n gé tí wọ́n tò ó léra wọn bí ìpẹ́ ẹja, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ti ìsàlẹ̀, páànù ni, wọ́n kùn ún ní dúdú. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn, òjò tiwa yàtọ̀.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ńkọ́! Ibẹ̀ ni mo dúró sí títí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ fi wá bi mí pé "Ṣé kò sí wàhálà o, mà?" Ní Nọ́wè, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní Urnes, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àṣà, ti kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé láti 1979, lára ẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ àwọn ẹranko tín-ín-rín tó lọ́ mọ́ra wọn, tí wọ́n ń bu ara wọn lọ́rùn jẹ. Òpó ilẹ̀kùn apá òsì níbí, irú ẹ̀ gan-an ni. Apá ọ̀tún wá jẹ́ tiwa, agbẹ́gilére Òṣogbo tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún gbẹ́ ẹja àrọ̀ tó ká ìrù ẹ̀ sókè, ejò, àti okùn tó lọ́ wọnú ara ẹ̀, èyí tí àwọn baba wa ti ń gbẹ́ sára ọpọ́n àti ilẹ̀kùn ààfin tipẹ́. Tẹ́ ẹ bá dúró láàárín ẹ óò rí i pé àwọn méjèèjì bá ara wọn mu láìjẹ́ pé ẹnì kan fi ipá mú wọn. Ẹ wo ẹja àrọ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá dáadáa: ibi tí ẹ̀ka ti yọ lára igi yẹn rí, tó fi oríkèé róbótó sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló fi ṣe ojú ẹja, kò fi ọ̀bẹ kàn án. Mo fọwọ́ pa á. Iṣẹ́ ẹni tó mọ igi nìyẹn.

Ó sì yẹ kó jẹ́ Òṣogbo ni irú ilé yìí wà. Ìlú tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tá a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, gbé títí ó fi kú ní 2009, tí Adébísí Àkànjí fi síméǹtì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí, tí Kàsálì Àkàngbé gbẹ́ igi sí igbó Ọ̀ṣun tí gbogbo ayé ń wá wò láti ìgbà tí UNESCO ti gbà á ní 2005. Kí ilé àjèjì kan wá sọ wá di ẹni tó ń sá? Rárá o.

Ẹ wọlé. Kò sí sílíìnì, ẹ óò máa wo òpó lọ sókè títí, pẹ̀lú igi tí wọ́n dábùú léra láti di òpó mú, àti fèrèsé róbótó kéékèèké lókè réré tí ooru ń gbà jáde. Iná ti lọ nígbà tá a débẹ̀, kò sì sí fáànù, síbẹ̀ a ò láàgùn. Ó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣá, àgbà tí ojú ń dùn lè má rí mẹ́nù kà.

Oúnjẹ: ẹ̀fọ́ rírò oní-stockfish ni kẹ́ ẹ bèèrè, ìyẹn òkpòrókò. Ó mọ́gbọ́n dání pé òun ni wọ́n fi ń yangàn níbẹ̀ torí láti Lofoten ní Nọ́wè ló ti ń wá, orí àgbékà onígi ni wọ́n máa ń so ó kọ́ láti bí oṣù kejì sí ìkarùn-ún, wọn ò níyọ̀ sí i, atẹ́gùn tútù ló ń gbẹ ẹ́. Ìgbà ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, ni wọ́n kó o wá gan-an láti fi bọ́ àwọn tébi ń pa, látìgbà náà la ò ti lè fi í sílẹ̀. Tibí yìí, wọ́n rẹ ẹ́ tó, ó rọ̀, ó sì ṣì ṣeé jẹ lẹ́nu, ata rodo ò pa adùn ẹ̀. Àmàlà ń gbóná, ó fẹ́lẹ́. Iyán ní kókó, ẹ fi sílẹ̀. ₦4,000 ni abọ́ kan pẹ̀lú ẹran kan, kò pọ̀jù fún bí stockfish ṣe wọ́n.

Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe wà. Àtẹ̀gùn ga torí òkúta tí wọ́n gbé ilé lé, kò sì sí igi tí èèyàn lè dì mú. Màmá mi dúró nísàlẹ̀, ó ní "Ṣé wọn ò mọ̀ pé àgbà náà ń jẹun ni?" Àwọn ọmọ méjì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló sáré wá, "Ẹ rọra o, Màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún," wọ́n mú un gòkè, Ọlọ́run á bù kún wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí èrò bá pọ̀, ta ni yóò ráyè? Ìkejì, lẹ́yìn ilé, omi òrùlé páànù ń já sílẹ̀ tààrà, ó ń ta sára igi ìdábùú, mo rí i pé ibẹ̀ ti ń ṣe ewédò. Ohun tó pa ilé onígi Nọ́wè àtijọ́ gan-an nìyẹn o. Mo sọ fún ọ̀gá, ó ní gọ́tà ń bọ̀ kí òjò tó le. Ó ti gbé kíṣìnì sínú ilé búlọ́ọ̀kù lọ́tọ̀, ìyẹn dáa gan-an, torí iná ló jó ṣọ́ọ̀ṣì onígi Fantoft ní Bergen kanlẹ̀ lọ́dún 1992, ọdún 1997 ni wọ́n tó kọ́ ọ parí padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń paná, ẹyọ kan péré ni mo rí, ẹ̀yìn káúńtà ló sì wà. Ó yẹ kó wà lẹ́nu ọ̀nà méjèèjì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ wọ kòrópè Abéré ní Ọláìyá, kẹ́ ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ilé dúdú onígi, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn lè tan sí iṣẹ́ ọnà ẹnu ọ̀nà, ẹ̀fọ́ oní-stockfish sì máa ń tán tó bá ti di aago méjì. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé.