Ìfiwéra Ṣájà USB fún Iṣẹ́ Ẹlẹ́kítíróníìkì Àfọwọ́tò: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó fẹ́ fi ṣájà USB gbé iná fún bọ́ọ̀dù tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò kò gbọdọ̀ tìtorí iye wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí nìkan ra ọjà. Ṣájà oní-65 W tó ń gba kọ̀ǹpútà alágbèéká lè má tẹ́ Raspberry Pi 5 (kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo) lọ́rùn, nítorí pé 5 A (ámpù) lórí 5 V (fóòtì) ni bọ́ọ̀dù yẹn ń béèrè bí yóò bá lo gbogbo agbára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ 3 A ni ọ̀pọ̀ ṣájà ńlá máa ń gbé jáde mọ lórí 5 V. Orí 20 V ni wọ́n ti ń rí 65 W wọn. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi olùtajà ni iye ámpù tí ṣájà lè gbé jáde lórí 5 V, àti ohun tó ń retí láti ara bọ́ọ̀dù kí ó tó gbé e jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ihò USB ara kọ̀ǹpútà wé ṣájà USB-A, ìyẹn ẹlẹ́nu fífẹ̀ tí a ti mọ̀ tipẹ́. Ìlànà USB 2.0 fàyè gba 500 mA (ìdajì ámpù), ti USB 3.0 sì fàyè gba 900 mA, èyí tó tó fún Arduino Uno (bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ ètò sí) pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ àti gílóòbù LED bíi mélòó kan. Kò tó fún mọ́tò, nítorí iná tí mọ́tò ń fà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yí máa ń ju èyí tó ń lò nígbà tó bá ti ń yí lọ dáadáa, kọ̀ǹpútà sì lè tìtorí rẹ̀ pa ihò náà. Ṣájà USB-A tó bá tẹ̀lé ìlànà BC 1.2 (ìlànà fífi USB gba bátìrì) lè gbé 1.5 A jáde. Ohun tí mo fẹ́ràn lára USB-A ni pé 5 V ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó ki ohunkóhun bọ̀ ọ́, kò sì béèrè ìdáhùn kankan lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù.

USB-C kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ṣájà USB-C kì í gbé iná jáde rárá àyàfi bó bá rí rẹsítọ̀ (ẹ̀yà tó ń dènà iná) 5.1 kΩ láàárín CC (ẹsẹ̀ tí USB-C fi ń mọ̀ pé wọ́n ti so ẹ̀rọ mọ́ ọn) àti GND (ẹsẹ̀ 0 V) lára ẹ̀rọ tí wọ́n kì bọ̀ ọ́. Àwọn bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n fi ihò USB-C sí lára láìfi rẹsítọ̀ yìí sí i: wáyà tó lọ láti USB-A sí USB-C yóò tan wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ USB-C lẹ́nu méjèèjì kò ní tan wọ́n, ẹni tó rà á á sì máa rò pé ṣájà ló bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ya bọ́ọ̀dù, ẹ fi rẹsítọ̀ tirẹ̀ fún CC1, kí ẹ sì fi òmíràn fún CC2, ìyẹn ẹsẹ̀ CC méjèèjì tó wà lára ihò náà. Raspberry Pi 4 tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2019 so méjèèjì mọ́ ẹyọ kan, àwọn wáyà kan tó ní chip nínú kò sì lè tan án.

Ẹni tó ń fẹ́ ju 5 V lọ yóò ní láti lo USB PD (Power Delivery, ìlànà tí ṣájà àti ẹ̀rọ fi ń fẹnu kò lórí iye fóòtì), tó ń fúnni ní 9 V, 15 V àti 20 V, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù kékeré tí yóò máa bá ṣájà dúnàádúrà. 12 V kò sí lára iye tí ìlànà náà sọ di dandan, nítorí náà ẹ ka àkọlé ara ṣájà kí ẹ tó rà á fún iná LED oní-12 V. Kí ẹ sì fi mítà wọn iye tó ń jáde kí ẹ tó so iṣẹ́ yín mọ́ ọn, torí 20 V tó bá ṣèèṣì dé ibi tí 5 V yẹ kó dé yóò jó gbogbo rẹ̀. Ní ti ṣájà oníhò púpọ̀, èmi kì í dámọ̀ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ kú lójijì: ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń já iná fún ìṣẹ́jú àáyá kan bí ẹnì kan bá ki fóònù bọ ihò kejì, kí wọ́n lè tún agbára pín.

Páwà báǹkì dára fún iṣẹ́ tí a ń gbé kiri, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ń pa ara wọn bí iná tí bọ́ọ̀dù ń fà bá kéré jù, nítorí wọ́n á rò pé fóònù ti kún. Sẹ́ńsọ̀ tó ń sùn tó sì ń jí kò bá wọn mu.

Wáyà ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju ṣájà lọ. Bí wáyà iná inú okùn tó gùn tó mítà kan bá jẹ́ 28 AWG (ìwọ̀n ìnípọn wáyà: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré ni wáyà ń nípọn sí), ìdènà àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi 0.43 Ω, bí ẹ bá fa 2 A gba inú rẹ̀, ohun tó lé ní 0.8 V yóò ṣòfò sójú ọ̀nà, bọ́ọ̀dù á sì gba nǹkan bíi 4.15 V. Raspberry Pi ti ń kìlọ̀ nígbà tí iná bá já wálẹ̀ sí 4.63 V. Wáyà 24 AWG tàbí èyí tó nípọn jù ú lọ, tí kò sì gùn jù, ló yẹ. Bí ẹ bá ń tan LED WS2812B (LED aláwọ̀ púpọ̀ tí a lè darí lọ́kọ̀ọ̀kan) tó jẹ́ ẹyọ 60, ẹ ṣírò 60 mA fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí funfun tó mọ́lẹ̀ jù lọ: 3.6 A nìyẹn, ó sì ti ju ohun tí ṣájà oní-3 A lè gbé lọ.

Nínú ṣájà tí kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é lára rẹ̀, àlàfo tó ya iná ògiri sọ́tọ̀ kúrò lára 5 V lè kéré jù, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ lásán la fi ń kan iṣẹ́ tí a ń tò. Ẹ má rà á, iyekíye ámpù tí wọ́n ì báà kọ sí i lára.