Heat pump fún omi ìwẹ̀ ní Súrùlérè: ohun tí mo rí lára rẹ̀

Ẹni tó bá ń tọ́jú àgbàlagbà tí làkúrègbé ń dà láàmú ló mọ̀ pé omi gbígbóná kì í ṣe fàájì. Màmá mi kì í fi omi tútù kan ara, ìbáà jẹ́ oṣù Kẹta tí ooru Èkó ń mú gan-an. Àwa mẹ́fà la wà nílé. Hítà lítà 30 tó wà ní balùwẹ̀ máa ń tán lára ẹni méjì àkọ́kọ́, ẹni kẹta á wá máa kígbe pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n gbé owó iná Band A sí náírà 225 fún yúníìtì kan, mo ti ń ṣọ́ mítà bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀wà tó fẹ́ jóná. Wọ́n dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ ojú mi ò kúrò níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ra heat pump onítáńkì lítà 150 nìyẹn. Kì í dáná sí omi bíi ti rìǹgì. Iṣẹ́ fíríìjì ló ń ṣe, àmọ́ ooru tí fíríìjì ń tú dànù síta ni òun ń wá: á fà á látinú afẹ́fẹ́, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á fún gáàsì pọ̀ títí á fi gbóná, gáàsì á sì gbé ooru yẹn fún omi. Yúníìtì iná kan lè mú yúníìtì ooru mẹ́ta wá. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbóná tó ló ṣe ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ta ló sì fẹ́ fi afẹ́fẹ́ gbígbóná yangàn fún ará Èkó? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Kí lítà 150 tó kúrò ní digiri 28 dé 55, hítà lásán á jẹ nǹkan bíi yúníìtì 4.7. Ní náírà 225 ti ìgbà yẹn, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún náírà. Heat pump á ṣe é ní bíi 350.

Ibi tí wọ́n máa gbé e sí ló dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín èmi àti oníṣẹ́ tó wá so ó pọ̀. Ó fẹ́ tì í sínú sítóò kékeré tí kò ní fèrèsé. Mo ní rárá o. Afẹ́fẹ́ tútù ló ń tú jáde. Bí ilẹ̀kùn bá pa dé, á máa fa òtútù tirẹ̀ padà símú. Ẹ̀yìn kíṣíńnì ló wà báyìí, lábẹ́ òrùlé, jìnnà sí fèrèsé màmá, torí ariwo rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti AC tó wà níta. Oníṣẹ́ yìí kan náà tún fẹ́ fi fáàfù tó ń tú omi sílẹ̀ bí táńkì bá gbóná jù sílẹ̀ láìní páìpù. Ó ní kò sí wàhálà. Mi ò sanwó tó kù àfi ìgbà tó fa páìpù dé gọ́tà.

Ó tún máa ń kán omi, pàápàá lásìkò òjò. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wa ni, bíi ti AC, torí náà ẹ wá ọ̀nà fún un.

Ẹ̀rọ yìí kì í yára. Wákàtí mélòó kan ni kí táńkì tó gbóná, torí náà ọ̀sán ni mo máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, nígbà tí sólà wà tí afẹ́fẹ́ náà sì gbóná jù lọ. Omi yẹn á dúró de àárọ̀ ọ̀la. Ẹ wo inú sẹ́tìǹgì rẹ̀ dáadáa o: ó ní rìǹgì ìrànlọ́wọ́ nínú, tó bá sì tan ara rẹ̀ nígbà tí inverter ló ń gbé ilé, inverter á kú. Mo ti pa tèmi. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ nìkan, inverter gbé e wẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin méjì péré nínú ilé àyálégbé, ẹ má wulẹ̀ náwó sí i. Ó wọ́n ju hítà lásán lọ dáadáa, tí ẹ bá sì kó kúrò, páìpù yẹn di ti lánlọ́ọ̀dù. Ní tiwa, kò sẹ́ni tó ń kígbe nínú ọṣẹ mọ́.

Ẹni tó ń lo omi bóhòólù ní láti ṣí i wò lóòrèkóòrè: ọ̀pá magnesium kan wà nínú táńkì tí ìpẹtà ń jẹ dípò irin táńkì, omi oníyọ̀ sì ń tètè jẹ ẹ́ tán. Bí gáàsì bá jò, kí ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kí ẹ tó pe oníAC. Bí ẹ bá rí R290, propane ni, ó ń gbiná. Kí ẹnikẹ́ni má fi gáàsì míì rọ́pò rẹ̀.